Ìyàwó Méje Inú Ìwé Bàbá Ìbejì

Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí Ìyá Ìbejì ti ń ránṣọ, kò sì sí ọjọ́ kan tó jókòó ti máṣíìnì tí píìnì kò sí lẹ́nu rẹ̀. Mẹ́rin ni, bí kò bá jẹ́ márùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀: “Ẹ na apá. Ẹ yí padà. Ẹ má fa ikùn yẹn wọlé, ṣebí ẹ máa mí bí ẹ bá délé?” Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, ikùn á sì bọ́ sílẹ̀ sí ààyè rẹ̀, Ìyá Ìbejì á wá wọ̀n ọ́n bó ṣe rí gan-an. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ìtàn yìí fún yín o. Obìnrin náà ṣì wà láyé, àlùmọ́gàjí rẹ̀ sì mú.

Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń lò, kọ́tìnì kan ló pín in sí méjì. Lápá ọ̀tún ni máṣíìnì wà, pẹ̀lú tábìlì ìgéṣọ àti dígí gígùn kan tó ti sán ní igun. Lápá òsì, aago ni gbogbo rẹ̀: ti ọwọ́, ti ògiri, ti orí tábìlì, àti gogoro kan tó dúró nílẹ̀, tí ẹni tó gbé e wá ṣe kò padà wá mọ́ láti ọdún mọ́kànlá. Kò sí méjì nínú wọn tó bára mu. Bí ènìyàn bá yọjú wọlé tó ní, “Bàbá Ìbejì, aago mélòó ló lù?” Bàbá Ìbejì á gbójú sókè, á wo ògiri yíká, á ní, “Èwo nínú wọn lẹ fẹ́?”

Ọwọ́ ọkùnrin yìí mọ́ bó bá di ká tú aago. Bó ṣe ń yọ irin kéékèèké inú rẹ̀ ló ń tò wọ́n sórí aṣọ funfun, èyí tó yọ kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ dá padà, kì í ṣì í. Ṣùgbọ́n tó bá di ìwé kíkọ, Ọlọ́run ló lè kó wa yọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dà bí ìgbà tí adìyẹ bá tẹ tàdáwà, tó rìn díẹ̀, tó wá rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Òun fúnra rẹ̀ kì í lè kà á bó bá ti di ọjọ́ kejì. Ní gbogbo ayé, ẹnìkan ṣoṣo ló lè kà á, ẹni náà sì ni ìyàwó rẹ̀.

Bó ṣe kọ́ ọ nìyí. Nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra, aláago kọ lẹ́tà sí i, ojú ìwé mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọmọbìnrin náà fi kà á, ojú ìwé kan ní ọ̀sẹ̀ kan. Kó tó dé ibi tí ọkùnrin náà ti ní òun fẹ́ fi í ṣaya, ọkùnrin ti wá gba èsì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti bínú lọ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà ní kó jù ú nù. Ó ní rárá o, ìyà tí òun jẹ lórí ọwọ́ yìí ti pọ̀ jù láti wá fi ọkùnrin náà sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Wọ́n fẹ́ra, wọ́n bí ìbejì, ìbejì dàgbà, wọ́n kó jáde, ó wá ku àwọn méjèèjì àti aago.

Bóyá aago yìí ló kó sí Bàbá Ìbejì lórí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó ra ìwé ìkọ̀wé kan, ó ní òun fẹ́ kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ń jẹ́ Imú-Ò-Purọ́. Ní ìlú rẹ̀, wọ́n jí wákàtí kan gbé. Kì í ṣe aago ni wọ́n jí o, wákàtí gan-an ni. Bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá ti lù, aago mẹ́rin ló kàn. Ẹni tó gbé omi kaná ní aago mẹ́ta, omi ti gbẹ, ìkòkò ti jó. Àwọn ọmọ iléèwé tó yẹ kó jáde ní aago mẹ́ta ààbọ̀ kò jáde mọ́, wọ́n ń gbé ibẹ̀. Olè tó jí wákàtí náà, lọ́la ló máa ń jalè, á sì ti ta ẹrù náà lánàá, tí ọlọ́pàá bá wá mú un lónìí, kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni, kò sì sí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ni Imú-Ò-Purọ́ bá wọ inú aago gogoro kan, ó tọ olè náà lọ sí ayé méje mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayé tiwa. Ayé kan wà tí òjò ti ń rọ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè, tí àwọn ènìyàn ń tẹ́ agbòjò sábẹ́ ẹsẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n ti ń bí ènìyàn ní arúgbó, tí bàbá àgbà ń sunkún pé òun kò fẹ́ lọ jẹ́lé-ó-sinmi. Òmíràn kò ní Ọjọ́rú rárá, nítorí náà, gbogbo ohun tí àwọn ọ̀lẹ ibẹ̀ bá fẹ́ ṣe, Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń fi í sí.

Ìyá Ìbejì ni òǹkàwé kan ṣoṣo tí ìwé yìí ní. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti kọ apá kan tán, á nawọ́ rẹ̀ sí i láti abẹ́ kọ́tìnì. Ó ń gbádùn rẹ̀, kò purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìwé ìkọ̀wé kẹta, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ní ayé kọ̀ọ̀kan, Imú-Ò-Purọ́ mìíràn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti kọ́lé, ó sì ti gbéyàwó. Tí tiwa yìí bá ti bọ́ sóde nínú aago, ìyàwó á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, á rò pé ọkọ òun ló dé. Ìyàwó ayé kìn-ín-ní, ọrùn rẹ̀ gùn. Ti ayé kejì, tó bá ń kọrin, ẹyẹ á dákẹ́. Ti ayé kẹta kì í bi ọkọ rẹ̀ pé níbo ló ti ń bọ̀. Ìyá Ìbejì ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ti ìkẹrin, ti ìkarùn-ún, ti ìkẹfà, títí dé ìkeje, ẹwà lórí ẹwà ni. Ó kà wọ́n lọ kà wọ́n bọ̀. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó ń ránṣọ.

Ó dùn ún. Ẹ má jẹ́ ká fà á gùn. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló ti wà nílé ọkùnrin yìí, ọkùnrin náà wá jókòó, ó ro ayé méje tó lè wù ú láti gbé, kò sì fi í sí ìkankan, kódà kó jẹ́ aládùúgbò. Ó fẹ́ bi í ní ìbéèrè kan, kan ṣoṣo: tí wọ́n bá ní kí ẹ tún un yàn, ṣé èmi náà lẹ máa yàn? Ó dé ẹnu kọ́tìnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti bi í. Ẹ̀rù ohun tó lè dáhùn bà á, ó padà lọ jókòó, ó fi píìnì sẹ́nu.

Báyìí ni nǹkan wà nígbà tí ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé kan gbé aago ọwọ́ rẹ̀ wá, tó sì gbọ́ ìtàn Imú-Ò-Purọ́ lẹ́nu Bàbá Ìbejì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun á tẹ ìwé náà, bí wọ́n bá lè tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kó sì dé ọwọ́ òun kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ìwé ìdánwò ló máa gba gbogbo ẹ̀rọ òun, ó tún di ìgbà míì. Inú Bàbá Ìbejì dùn débi pé ó dá irin aago ọ̀gá náà padà ní òdì.

“Ìyá Ìbejì,” ó ní, “ìwọ nìkan lo lè kà á fún ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, bá mi lọ. Èyí tó kẹ́yìn ló kù tí mi ò tíì kọ, kó tó di Ọjọ́bọ̀ màá ti kọ ọ́ tán.”

“Ẹ kó wọn wá,” ni Ìyá Ìbejì wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ jù. Ọkùnrin tó bá gbọ́n, ó yẹ kó fura.

Ẹni tó ń bá wọn tẹ nǹkan ládùúgbò, Akọ̀wé Kóòtù ni wọ́n ń pè é. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí fi tẹ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti mọ́ ọn lára: ohun tí etí rẹ̀ bá ti gbọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀, kì í yọ nǹkan kúrò, kì í fi kún un. Ó bá ọmọkùnrin kan tẹ ìwé tó fi ń wáṣẹ́ rí, ohun tí wọ́n sì kà níbi iṣẹ́ náà ni pé: “Tọkàntọkàn ni mo fi ń wá iṣẹ́ yìí. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti ń tọ̀ níbí?” Wọ́n gba ọmọ náà síṣẹ́. Wọ́n ní ó jẹ́ olóòótọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Ìyá Ìbejì jókòó níwájú rẹ̀, ó tú ìwé ìkọ̀wé àkọ́kọ́.

“Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, mà,” ni Akọ̀wé wí.

“Ìwé ni mo fẹ́ kà, bàbá. Ẹ yí fáànù yẹn sí mi díẹ̀.”

Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́, ó sì yí fáànù. Ìyá Ìbejì rí i. Ó ní kó pa á rẹ́. Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni pé ó ní kó jí aṣọ adájọ́ gbé. “Ohun tí ẹlẹ́rìí bá ti sọ, ó ti sọ ọ́ nìyẹn, mà. Tí ọ̀rọ̀ bá yí padà, a lè fa ẹ̀rí àkọ́kọ́ sẹ́yìn, ká tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì tirẹ̀, ká tún ẹlẹ́rìí pè. Ṣùgbọ́n èmi kì í pa ọ̀rọ̀ rẹ́.”

Wọ́n ń bá a lọ, ó sì ń dáa, títí wọ́n fi dé ayé kìn-ín-ní, níbi tí ọlọ́rùn gígùn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ìbejì wo ojú ìwé náà. Ó wo Akọ̀wé. Ó wá rò ó pé, ta ló tún lè ka ọwọ́ yìí? Ta ló máa mọ̀? Ló bá la ẹnu: “Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Aránṣọ ni. Ọrùn rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ó ní, ‘Níbo lẹ ti ń bọ̀?’ Kó tó dáhùn, obìnrin náà ti wo bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀, ó ní, ‘Ẹni tó rán bọ́tìnì yìí, ọwọ́ òsì ló ń lò, ìkánjú sì wà lára rẹ̀. Olè yín nìyẹn.’”

Kò dáwọ́ dúró mọ́ láti ibẹ̀. Ní ayé kejì, aránṣọ yìí náà ló wà níbẹ̀, kò kọrin, ó fi téépù wọn ipasẹ̀ olè. Ní ayé tí òjò ti ń rọ̀ lọ sókè, òun ló rán ṣòkòtò tí omi kì í wọ̀ láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ayé karùn-ún, ó ti mú olè náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, olè náà ń bú sẹ́kún tó bá ti gbọ́ ìró máṣíìnì. Imú-Ò-Purọ́ ń gbé àpò òwú tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

“Mà,” ni Akọ̀wé bi í ní Ọjọ́rú, “ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí, kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an?”

“Ó ń kọ́ṣẹ́,” ni Ìyá Ìbejì dá a lóhùn. Akọ̀wé tẹ ìyẹn náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, Bàbá Ìbejì á bi í pé ṣé ó ń lọ dáadáa. Á ní ó ń lọ. Ọkùnrin náà á tún bèèrè pé, àwọn ìyàwó yẹn ńkọ́, ṣé Akọ̀wé fẹ́ràn wọn? Á ní ó fẹ́ràn wọn. Bàbá Ìbejì á rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fi nǹkan pa mọ́, ẹ̀rín yẹn ló sì ń mú kí ìyàwó rẹ̀ túbọ̀ fi aránṣọ kún un lọ́jọ́ kejì. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó fún un ní ìwé ìkọ̀wé tó kẹ́yìn. Ó ní, “Má kà á lójú ọ̀nà o. Ìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ni kó o kà á.”

Kò kà á lójú ọ̀nà. Iwájú Akọ̀wé ló ti ṣí i, ó sì ń kà á bó ṣe ń rí i. Imú-Ò-Purọ́ ti ká olè náà mọ́ inú aago gogoro. Olè náà rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ayé méje lo là kọjá nítorí wákàtí kan. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fún ọ ní ìyàwó tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ní ọ̀fẹ́. Kí ló dé tí o kò dúró níbì kankan?”

Ìyá Ìbejì ṣí ojú ewé. Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀.

“Imú-Ò-Purọ́ ní: ‘Ní ayé méjèèje, mo bèèrè. Mo ní, obìnrin kan ńkọ́, tó máa ń fi píìnì sẹ́nu sọ̀rọ̀, tí kì í jẹ́ kí n wọlé láìbi mí pé níbo ni mo ti ń bọ̀? Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ayé tí kò bá ti mọ̀ ọ́n, àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀. Dá wákàtí yẹn padà, jọ̀ọ́. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni mo sọ fún un pé màá dé, bí kò bá sí aago mẹ́ta ààbọ̀, mi ò lè délé.’”

Ó dákẹ́. Fáànù ń yí. Ọwọ́ Akọ̀wé dúró lórí kọ̀ǹpútà.

“Mà, ṣé kí n kọ ọ́ pé ẹlẹ́rìí ń sunkún?”

“Nǹkan ló kó sí mi lójú.”

Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́: Níbí yìí, ẹlẹ́rìí dákẹ́. Nǹkan kó sí i lójú.

Inú Ìyá Ìbejì dùn, ojú sì tì í, ó wá rí ohun tó ti ṣe. Òun tó ń na àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní pàṣán ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wọn aṣọ kí wọ́n tó gé e, òun ló wá gé ti ọkọ rẹ̀ láìwọ̀n. Ìdáhùn tó dùn tó báyìí kò ní ibi tó máa dúró sí mọ́. Ìyàwó wo ni Imú-Ò-Purọ́ kọ̀? Kò sí wọn mọ́. Ó ti lé ìyàwó méje lọ, ó sì ti fi ara rẹ̀ kún gbogbo ayé, kò wá sí ibi kankan tí ọkùnrin náà ti lè wá a kó má rí i. Aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló sì lù yẹn.

“Bàbá,” ó ní, “ẹ fa ẹ̀rí mi sẹ́yìn.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Ti àwọn ìyàwó. Ẹ tún mi pè.”

Ojú Akọ̀wé Kóòtù tàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó kó aránṣọ ayé méje sínú fáìlì kan, ó lẹ orúkọ mọ́ ọn, ó tún ìjókòó ṣe. Ìyá Ìbejì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi yin ọrùn gígùn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ní ẹyẹ dákẹ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí kì í bèèrè pé níbo lẹ ti ń bọ̀, ó ní kí wọ́n fún òun lómi mu, ó mu ún tán, ó sì kà á bó ṣe wà.

Ṣùgbọ́n ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni gbogbo wa. Ó ti gbà láti dá àwọn obìnrin náà padà, kò sẹ́ni tó ní kó dá wọn padà láìlábàwọ́n. Nígbà tó di ti ayé karùn-ún, ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ ń tan iná sí gbogbo ilé, Ìyá Ìbejì kà á dé òpin, ó wúkọ́ díẹ̀, ó wá sọ ọ́ wẹ́lẹ́ pé, “Ó máa ń hanrun.”

Ọwọ́ Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

“Ṣé ẹ gbọ́ yẹn?” ni Ìyá Ìbejì bi í.

“Etí mi gbọ́ ọ, mà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Akọ̀wé tún ń tẹ̀, ni Ìyá Ìbejì bá yára fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Ìbejì sáré gbé ìwé náà dé ilé ìtẹ̀wé nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Aago ti ilé ìtẹ̀wé ni mo ń sọ, ti Bàbá Ìbejì kò ṣeé tẹ̀ lé.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí ìwé náà tó dé, nínú páálí kan, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Bàbá Ìbejì kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó jókòó láàárín aago rẹ̀, ó fi awò tó fi ń wo inú aago sójú kan, ó ń ka ìwé tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ìyá Ìbejì wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń tẹ́tí sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ máṣíìnì.

“Ìyá Ìbejì,” ohùn ọkọ rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, “mi ò rántí pé mo fi fáànù sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí o.”

“Ooru mú lọ́jọ́ tí ẹ kọ ọ́.”

Mẹ́ta nínú àwọn aago náà lù, kálukú pẹ̀lú iye tirẹ̀.

“Ìyàwó ayé karùn-ún yìí, ṣé mo kọ ọ́ pé ó máa ń hanrun ni? Ti ìkẹfà yìí wá ń se omi jóná. Báwo ni wọ́n ṣe ń se omi jóná?”

“Ó ṣeé ṣe. Ayé ibẹ̀ yàtọ̀.”

Bàbá Ìbejì ń ṣí ojú ewé lọ, ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ ọ, ó sì mọ ibi tó dé. Níkẹyìn, kọ́tìnì ṣí. Bàbá Ìbejì dúró síbẹ̀, awò ṣì wà lójú rẹ̀ kan, ojú náà tóbi, omi sì wà nínú rẹ̀. Ó na ojú ewé tó kẹ́yìn sí i.

“‘Níbí yìí, ẹlẹ́rìí dákẹ́. Nǹkan kó sí i lójú.’ Ẹlẹ́rìí wo nìyí, Ìyá Ìbejì?”

Ìyá Ìbejì mú píìnì mẹ́rin lórí tábìlì, ó fi wọ́n sẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó dá a lóhùn.

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Àbí ta ló tún lè ka ọwọ́ yín?”